Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tówó ẹ̀ ò gani lára: dbx, Behringer, RNC àbí ART, èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ sáǹdì ní Àbújá níbí, yálà ẹ wà nídìí míksà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Kubwa tàbí Nyanya, ẹ̀ ń gbé sípíkà lọ òde ìyàwó ní Gwarinpa, tàbí ẹ ní sitúdíò kékeré nínú yàrá ní Lugbe, ìṣòro kan náà ló ń bá gbogbo yín fínra: ohùn ò dúró sójú kan. Pásítọ̀ á rọra máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀, ká tó ṣẹ́jú ó ti kígbe "Halelúyà", sípíkà á lọgun. Olórin á gbé máìkì mọ́ ẹnu, á tún gbé e jìnnà. Ààfáà tó ń ṣe wàásí náà ńkọ́, bákan náà ni. Nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń wá ni kọ̀mpúrẹ́sọ̀, tẹ́ ẹ bá sì ṣí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí ẹ máa rí i rẹpẹtẹ, gbogbo ẹ̀ ló ń tàn, gbogbo ẹ̀ ló ní nọ́ọ̀bù, ẹ ò wá mọ èwo lẹ máa mú.

Iṣẹ́ ẹ̀ ò le láti yé èèyàn. Ẹ wò ó bí ọmọ iṣẹ́ kan tó fọwọ́ lé fédà, ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń tì sókè sódò lórí míksà kóhùn lè ga tàbí kó lọ sílẹ̀: tí ohùn bá ti ré kọjá ibi tẹ́ ẹ pààlà sí á fà á wálẹ̀, tó bá padà sílẹ̀ á tú u sílẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ pààlà sí yẹn ni threshold. Ratio ló ń sọ bó ṣe máa fà á tó, ká ní ẹ fi sí 4:1, ohùn tó fi 12 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bóhùn ṣe ga tó) ré kọjá ààlà, 3 dB péré ló máa jáde, ó ti jẹ 9 dB nínú ẹ̀ nìyẹn. Attack ni bó ṣe máa tètè fà á, release ni bó ṣe máa tètè tú u sílẹ̀. Tó bá fà á tán, ohùn á ti kéré díẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa fi output gain gbé e sókè padà. Gain yìí gan-an ni wàhálà wà, mò ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú ni pé ibi tẹ́ ẹ ti máa lò ó ló máa sọ èyí tẹ́ ẹ máa rà. Èyí tó dáa fún òde lè má wúlò fún sitúdíò, èyí tó dùn ní sitúdíò lè fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lóde.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tẹ́ ẹ ní

Tó bá jẹ́ míksà dìjítà lẹ̀ ń lò, bíi Behringer X32 tàbí XR18, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti wà lórí gbogbo ṣánẹ̀lì máìkì ẹ̀, gate, tó ń pa ohùn tó bá ti kéré jù, náà wà ńbẹ̀. Ẹ má ra nǹkan kan fún òde mọ́, ẹ jókòó kẹ́ ẹ kọ́ èyí tẹ́ ẹ ti ní, kẹ́ ẹ fowó yẹn ra máìkì tàbí kébù tó dáa. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ìjọ tó ní míksà dìjítà tí wọ́n tún gbé ráàkì kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, torí owó ọrẹ làwọn èèyàn fi rà á. Àwọn Yamaha MG kan náà ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ onínọ́ọ̀bù kan lórí ṣánẹ̀lì díẹ̀, fún máìkì ìwàásù kan ṣoṣo ìyẹn náà tó.

Tó bá jẹ́ analog, ìyẹn míksà tí kì í ṣe dìjítà, ẹ wò ó bóyá ihò tí wọ́n kọ INSERT sí wà lára ẹ̀. Ibẹ̀ ni kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ń gbà wọ ṣánẹ̀lì kan láìdé òmíràn. Kébù ẹ̀ yàtọ̀ o, ẹnu kan tó jẹ́ TRS (ojú irin mẹ́ta) lápá míksà, ẹnu méjì tó jẹ́ TS (ojú irin méjì) lápá kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ míksà, ṣóńṣó ẹnu yẹn ló ń gbé ohùn jáde, òrùka àárín ló ń gbé e wọlé padà. Tí ò bá sí INSERT, á jẹ́ pé gbogbo míksì lẹ máa kó sábẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kan náà, tí wọ́n bá ti lu ìlù, ohùn olórin á máa rì lọ, á tún máa yọjú padà, etí ò lè gbádùn irú ẹ̀.

Fún òde àti ilé ìjọsìn

Ohun tí ẹni tó ń tajà ò ní sọ fún yín rèé: kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kì í pa fídíbákì, ìyẹn híhu tí sípíkà máa ń hu tí máìkì bá gbọ́ ohùn ẹ̀ padà, ó lè pè é wá gan-an ni. Ìdí ni pé fídíbákì máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ohùn bá kéré, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ pàápàá, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ò sì fa nǹkan kan wálẹ̀ nígbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti fi 6 dB kún output gain, gbogbo 6 dB yẹn ló jókòó sórí máìkì tó dákẹ́ yẹn, ẹ ti fi 6 dB sún mọ́ fídíbákì láìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi máa ra kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, tí wọ́n á ní látìgbà tí nǹkan yìí ti dé ni sípíkà ti ń hu, wọ́n á yọ ọ́ jù sí kọ̀ǹrọ̀. Ẹ jẹ́ kí ratio wà ní 2:1 sí 3:1, kó máa fa bíi 3 sí 6 dB tí pásítọ̀ bá kígbe, kó má fa nǹkan kan tó bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ sì fi output gain sílẹ̀ ní òdo. Tóhùn bá kéré ẹ gbé fédà díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ ní kó gbé máìkì súnmọ́ ẹnu, ìyẹn ṣiṣẹ́ ju ẹ̀rọ èyíkéyìí lọ.

Nǹkan kejì ni mọ́nítọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ míksà analog, ohun tó bá ti gba INSERT kọjá ló ń dé mọ́nítọ̀ náà, torí náà olórin á máa kígbe, á máa gbọ́ pé ohùn òun ò ga, á tún wá kígbe sí i, kí ètò tó parí ohùn ẹ̀ ti há. Tẹ́ ẹ bá ní ṣánẹ̀lì tó ṣófo, ẹ pín máìkì yẹn sí méjì, kí ọ̀kan lọ sí mọ́nítọ̀ láìgba kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kọjá.

Gate tó wà lára àwọn ẹ̀rọ yìí ńkọ́? Fún ìlù ó dáa. Fún ẹni tó ń sọ Yorùbá, ẹ ṣọ́ra gan-an, torí àwa máa ń jẹ́ kóhùn lọ sílẹ̀ tí gbólóhùn bá fẹ́ parí, àgàgà tó bá jẹ́ àdúrà, tí threshold gate bá ga jù á gé ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn dànù, àwọn èèyàn ò ní mọ ibi tí wọ́n á ti ṣe àmín. Èmi máa ń pa á fún ìwàásù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wéra. dbx, iléeṣẹ́ tí David Blackmer dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1971, ló ní 266xs àti 166xs. Àwọn méjèèjì ní ṣánẹ̀lì méjì, ẹ lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ tàbí kẹ́ ẹ so wọ́n pọ̀ fún stereo. Bọ́tìnì OverEasy wà tí kì í jẹ́ kó gbá ohùn mú lójijì, ọ̀nà tí ẹ̀rọ á gbà fúnra ẹ̀ yan attack àti release náà wà. Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì láàárín wọn ni pé 166xs ní limiter, tí kì í jẹ́ kóhùn ré kọjá ibi kan rárá, tí wọ́n ń pè ní PeakStop, 266xs ò ní in, ó sì dínwó. Tó bá jẹ́ máìkì méjì lẹ fẹ́ tọ́jú, 266xs ti tó, ẹ má wulẹ̀ náwó kún un. Tó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà láàárín míksà àti áńpù lẹ fẹ́ gbé e sí, kí ẹnì kan má ṣèèṣì ju máìkì sílẹ̀ kó fọ́ dráífà sípíkà yín, 166xs ni kẹ́ ẹ lọ wá. Àmọ́ níbẹ̀, limiter nìkan ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má tún fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fún míksì pọ̀ kẹ́ ẹ wá gbé gain sókè, torí iná tó ń wọ sípíkà á máa pọ̀ láìsinmi, kọ́ìlì inú ẹ̀ á gbóná títí á fi jó.

Behringer MDX2600, láti iléeṣẹ́ tí Uli Behringer dá sílẹ̀ ní Jámánì ní 1989, lówó ẹ̀ kéré jù nínú gbogbo wọn, òun ló sì ní nǹkan tó pọ̀ jù lójú: kọ̀mpúrẹ́sọ̀, gate, limiter, de-esser tó ń pa "s" tó ń gún etí, filter tí kì í jẹ́ kí báàsì máa ti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ṣiṣẹ́ lódìlódì, àti enhancer tó ń mú kí ohùn tín-ín-rín yọ dáadáa. Enhancer yẹn, ẹ pa á, ariwo ṣùùùù ló máa ń gbé jáde. De-esser ẹ̀ wúlò ní tòótọ́, ẹni tí olórin ẹ̀ ní "s" tó mú ju ọ̀bẹ lọ á dúpẹ́. MDX4600 ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ṣánẹ̀lì mẹ́rin nínú àpótí kan, ó dáa fún ẹgbẹ́ akọrin.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, 266xs ni màá mú fún ṣọ́ọ̀ṣì. Èèyàn tó ń jókòó sídìí míksà ń yípadà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀bù ẹ̀ kéré, ìjàǹbá tẹ́nì kan lè fi ṣe kéré. Ẹ́njíníà tó mọ ohun tó ń ṣe, tó sì ń gbé ẹrù ẹ̀ fúnra ẹ̀, MDX2600 máa fún un ní nǹkan púpọ̀ lówó kékeré.

Fún sitúdíò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí dáadáa, torí owó ń ṣòfò níbẹ̀. Ihò XLR (onípíìnì mẹ́ta) tẹ́ ẹ rí lẹ́yìn dbx àti Behringer yẹn, kì í ṣe ti máìkì o. Wọn ò ní preamp tó ń gbé ohùn máìkì sókè, wọn ò ní phantom power, iná tí máìkì kan nílò kó tó ṣiṣẹ́, ohùn line, èyí tí wọ́n ti gbé sókè tán, ni wọ́n ń gbà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ máìkì sí preamp, preamp sí kọ̀mpúrẹ́sọ̀, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ sí line in interface, àpótí tó ń gbé ohùn wọ kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀, bí Focusrite Scarlett 2i2 lẹ̀ ń lò, kò ní INSERT, preamp inú ẹ̀ ń lọ tààrà sínú kọ̀ǹpútà, kò síbi tẹ́ ẹ máa gbà kó kọ̀mpúrẹ́sọ̀ sáàárín, àfi kẹ́ ẹ tún ra preamp lọ́tọ̀. Behringer UMC204HD àti UMC404HD ní INSERT lẹ́yìn wọn, ìyẹn yá fún ẹni tó ń ṣọ́ owó ná.

Àti pé tẹ́ ẹ bá ń rékọ́ọ̀dù ní 24-bit, kò pọn dandan kẹ́ ẹ fún ohùn pa, ẹ jẹ́ kó ga dé nǹkan bíi -12 dBFS (0 ni òkè pátápátá), àyè ṣì pọ̀ lókè. Ohun tó bá ti gba kọ̀mpúrẹ́sọ̀ wọlé ò ṣeé tú mọ́, fífa 2 sí 4 dB ti tó, ẹ fi plugin, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ inú kọ̀ǹpútà, parí ìyókù.

RNC1773 láti FMR Audio, Texas, ni mo fẹ́ràn jù níbí. Ó kéré, kò kún ìdá mẹ́ta ráàkì pàápàá, kò rẹwà lójú, àmọ́ kì í sábà yí ohùn padà, ó sì ní bọ́tìnì Super Nice tó máa ń pín iṣẹ́ sí ìpele bíi mélòó kan kéèyàn má baà gbọ́ ibi tó ti ń fà á. Àléébù ẹ̀ méjì: nọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló ń darí òsì àti ọ̀tún, ẹ ò lè fi tọ́jú olórin méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìkejì, kò balanced, ìyẹn ni pé kò ní ọ̀nà tó ń lé ariwo tó bá wọ kébù, tẹ́ ẹ bá gbé e lọ òde pẹ̀lú kébù gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, á máa kùn. Inú yàrá ni kó jókòó sí.

ART Pro VLA II yàtọ̀ pátápátá. Ìmọ́lẹ̀ kékeré inú ẹ̀ àti ohun tó ń rí ìmọ́lẹ̀ yẹn ló fi ń ṣiṣẹ́, ó tún ní tube, gílóòbù bíi ti rédíò àtijọ́, ó ń fa ohùn wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó dùn gan-an lórí ohùn obìnrin tó ń kọ ewì, lórí báàsì gìtá náà. Mítà ẹ̀ ńlá, ẹ máa rí ohun tó ń ṣe. Àmọ́ ìlù dùndún, ẹ má gbé e fún un, ìlù yára jù fún un. Fún dùndún àti gángan, dbx tàbí RNC ni, kẹ́ ẹ fi attack sí bíi 20 sí 30 ms (ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) kí ìró kọ̀ǹgọ́ lórí awọ kọ́kọ́ kọjá kó tó gbá a mú, release kó yára díẹ̀, torí tí attack bá ti yára jù, ìlù á kàn máa dún bùù, ohun tí onílù ń sọ ò ní ṣe kedere létí mọ́.

Iná, eruku, àti tòkunbọ̀

Iná wa níbí 230V ni. Ẹrù tó bá tọ Amẹ́ríkà wá, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó so ó mọ́ iná, tó bá jẹ́ 120V nìkan ló kọ, ẹ wá step-down, ẹ̀rọ tó ń dín iná kù. Ti RNC tún yàtọ̀, adáptọ̀ ẹ̀ ń gbé 9V AC jáde, kì í ṣe DC, adáptọ̀ 9V tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ DC gbogbo ẹ̀. Alesis 3630 tí wọ́n ń tà ní tòkunbọ̀ náà, 9V AC ni. Tí wọ́n bá ní adáptọ̀ ti sọnù, ẹ béèrè iye tí òmíràn máa jẹ kẹ́ ẹ tó dúnàádúrà.

Ọyẹ́ níhà òkè ọya yìí ò mọ ohun èlò lójú. Eruku á wọ nọ́ọ̀bù, á máa ta kra-kra tẹ́ ẹ bá yí i. Ẹ fi aṣọ bo ráàkì tẹ́ ẹ bá parí iṣẹ́, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta, contact cleaner, oògùn tí wọ́n fi ń fọ inú nọ́ọ̀bù, ni, kì í ṣe WD-40 o.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn tan iná ẹ̀ hàn yín. Ẹ mú fóònù tó ní orin dání pẹ̀lú kébù, ẹ so ó mọ́ ṣánẹ̀lì kìíní, ẹ fa threshold wálẹ̀ títí LED gain reduction, iná kékeré tó ń fi hàn pé ó ń fa ohùn wálẹ̀, á fi máa tàn, ẹ gbọ́ bóyá orin ń lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Ẹ tẹ BYPASS, bọ́tìnì tó ń jẹ́ kóhùn kọjá láìfà á, ẹ tú u. Ẹ yí gbogbo nọ́ọ̀bù láti òpin dé òpin. Ẹ dá orin dúró kẹ́ ẹ gbé output gain sókè kẹ́ ẹ gbọ́ ariwo ẹ̀. Ẹ wá ṣe bákan náà fún ṣánẹ̀lì kejì, torí èyí tí wọ́n sábà máa ń fi pamọ́ ni ti ṣánẹ̀lì kejì. Tó bá jẹ́ wéèbíìlì láti Èkó, kí ẹni tó ń tà á ṣe fídíò ìdánwò yìí kan náà kẹ́ ẹ tó sanwó.