Dùùrù Onínáá Tí Mo Fi Ń Kọ́ Orin Akin Euba ní Ògbómọ̀ṣọ́

Oṣù méje rèé tí mo ti ra dùùrù onínáá oníkíì 88 kan ní tòkunbọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo torí rẹ̀ rà á: mo fẹ́ máa fi kọ́ àwọn orin tí Akin Euba kọ fún dùùrù. Orin wọ̀nyí náà ni mo fi dán an wò, nítorí pé dùùrù tó tó fún orin ìsìn ọjọ́ Ìsinmi lè má tó fún wọn rárá.

Èkó ni wọ́n bí Euba sí ní 1935, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ kọ́ dùùrù, kó tó lọ sí Trinity College of Music ní London ní 1952. Ó ṣiṣẹ́ rédíò, ó kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Los Angeles, ó sì kọ́ni ní Ifẹ̀ àti ní Pittsburgh kó tó papò dà ní 2020. Ṣùgbọ́n ìwádìí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ghana ní Legon, ní 1974, ni ó máa ń wú mi lórí jù, torí pé ìlù dùndún wa ni ó dá lé. Ẹni tó mọ ìlànà ohùn méjìlá, ọ̀nà ìkọrin àwọn òyìnbó tí òǹkọ-orin Arnold Schoenberg gbé kalẹ̀ ní Vienna, ni ó tún lọ kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀ àwọn àyàn. Ó pe ọ̀nà tirẹ̀ ní "African pianism". Bí èmi ṣe lóye rẹ̀, kí á máa lu dùùrù bí ìlù ni, kí ọwọ́ òsì di ti omele mú láìyẹsẹ̀, kí ọwọ́ ọ̀tún sì máa fọhùn bí ìyáàlù.

Ìdí nìyí tí ìwúwo kíì fi ṣe pàtàkì sí mi ju ohun gbogbo lọ. Kííbọ́ọ̀dù oníkíì 61 tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ kò mọ ẹni tó fagbára tẹ̀ ẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó rọra fọwọ́ bà á. Èyí ní òòlù kéékèèké lábẹ́ kíì kọ̀ọ̀kan, ti ìsàlẹ̀ sì wúwo ju ti òkè lọ, débi pé nígbà tí mo ń kọ́ *Scenes from Traditional Life*, tí Euba kọ ní 1970, mo ń gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ohùn tó yẹ kó bọ́ lu etí bíi kọ̀ǹgọ́ lára awọ àti èyí tó yẹ kó kàn kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Inú mi dùn gidigidi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni àtúntẹ̀. Kíì rẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè padà dáadáa kó tó lè dún lẹ́ẹ̀kejì, nítorí náà, bí mo bá ń lu ohùn kan ṣoṣo léraléra ní kíákíá, òmíràn máa ń sọnù, bẹ́ẹ̀ àtúntẹ̀ gan-an ni ẹ̀mí orin wọ̀nyí. Ti pé kò lè fa ohùn bí ìgbà tí a fún ọṣán ìyáàlù mọ́ra, n kò ka ìyẹn sí i lọ́rùn, dùùrù gidi pàápàá kò lè ṣe é. Bóyá ohun tó mú Euba gbé ìlù Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù nìyẹn nínú *Igi Nla So*, ní 1963.

Mo pe ọmọ àyàn kan ládùúgbò wa láti wá fi gúdúgúdú bá mi lù ú. Gúdúgúdú bo dùùrù náà mọ́lẹ̀ pátápátá, àfi ìgbà tí a so ó mọ́ sípíkà ńlá kan. Sípíkà inú rẹ̀ kò ju ti yàrá lọ.

Kì í jẹ iná púpọ̀, íńfátà kékeré ń gbé e. ₦420,000 ni mo san, ẹni tó tà á sì fi sùúrù jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí kan, ó tún pààrọ̀ pẹ́dàlì tó ń dún kíkẹ́kíkẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀, kó fi ìka méjì lu kíì kọ̀ọ̀kan léraléra, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kó tó sanwó.