Kẹ̀kẹ́ Háyà láti Etí Odò Àsà dé Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí kò tíì wọ́pọ̀ ní Ìlọrin. Àwọn kan ń háyà kẹ̀kẹ́ eré ìje fún ẹni tó bá fẹ́ gùn ún jáde kúrò nígboro, wọ́n sì ń fi afinimọ̀nà kan tẹ̀lé e lórí ọ̀kadà, pẹ̀lú omi, túúbù àti ẹ̀rọ ìfátáyà tí a fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táyà, títí tí oníbàárà yóò fi parí ìrìn rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe Raleigh onírin wíwúwo tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko. Kẹ̀kẹ́ fífúyẹ́ ni, tí ọwọ́ rẹ̀ ká sísàlẹ̀ bí ìwo àgbò, táyà rẹ̀ tín-ín-rín, tòkunbọ̀ sì ni gbogbo wọn. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń mú ènìyàn gbà: etí omi Àsà, ọ̀nà Ọ̀fà, àti ọ̀nà Òmù-Àrán. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé ọjà kékeré ni, ohun tí mo sì fẹ́ bá wọn wí kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ lé oníbàárà sá fún ọlọ́jà.

Ọ̀nà Àsà kò pọ̀ ní ọ̀rọ̀. Odò Àsà ló la Ìlọrin sí méjì, ọ̀nà tó lọ sí ìdí dáàmù tí wọ́n fi sé e sì tẹ́jú débi pé ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ láti ìgbà èwe lè gbà á láìbẹ̀rù. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni aago. Bí a bá kí ìrun àsùbáà tán tí a sì gbéra lójú ẹsẹ̀, ìkùukùu ṣì máa ń bo ojú omi, ọkọ̀ kì í sì í tíì pọ̀. Bí oòrùn bá ti mú, àwọn ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá á ti gba etí títì, adùn rẹ̀ á sì ti lọ. Fún ẹni tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń pààrọ̀ jía àti bí a ṣe ń fi ìka méjì péré di bíréèkì mú, ibẹ̀ ni mo máa ní kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà Ọ̀fà ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń yàn. A óò gba Gánmọ àti Ìdòfìàn dé Àjàṣẹ́-Ìpo, tí ó lé ní kìlómítà 40 sí àárín ìgboro Ìlọrin, lẹ́yìn náà a óò yà sọ́wọ́ ọ̀tún fún nǹkan bíi kìlómítà 15 tó kù, títí a ó fi dé Ọ̀fà níbi tí odò Ọ̀yun ti ń kọjá lọ sí ìhà Ìlọrin. Kó tó di Àjàṣẹ́, kì í ṣe òkè ni ìṣòro, tírélà ni. Ọ̀nà yẹn kan náà ni ọkọ̀ tó ń lọ sí Kàbbà àti Lọ́kọ́ja ń gbà, afinimọ̀nà sì mọ èyí dájú, nítorí ẹ̀yìn oníkẹ̀kẹ́ ló máa ń wà, tí yóò tan iná ọ̀kadà rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sán gangan, tí yóò sì fun fèrè lẹ́ẹ̀kan péré bí ọkọ̀ ńlá bá ń bọ̀. Lásìkò ọyẹ́, ó tún yẹ kí a mọ̀ pé atẹ́gùn láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn ń fẹ́ lu ènìyàn láti ọwọ́ òsì bó bá ti kọjú sí Àjàṣẹ́, ọwọ́ ọ̀tún tí ó sì ń tini sí ni etí ọ̀dà tó ti jẹ wà. Ẹni tí kò bá di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú dáadáa lè bá ara rẹ̀ nínú yanrìn. Lẹ́yìn Àjàṣẹ́ ni ara máa ń tu ènìyàn: ọkọ̀ dín kù, igi emi àti igi ìyeyè ń tẹ̀lé ara wọn lẹ́bàá ọ̀nà, ojú ọ̀nà sì ń dìde díẹ̀díẹ̀, ó ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìfipá mú ẹsẹ̀.

Níbi táyà ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé àwọn ènìyàn yìí mọṣẹ́. Ohun tó sábà ń gún táyà kẹ̀kẹ́ lọ́nà yẹn kì í ṣe ìṣó tàbí ìgò fífọ́. Wáyà tín-ín-rín tó ń jáde láti inú táyà tírélà tó bẹ́ ni, tó sì máa ń fọ́n káàkiri sí etí títì. Ojú kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Nígbà tí táyà ẹ̀yìn mi sọ̀ kalẹ̀ nítòsí Ìdòfìàn, mo ti ń na ọwọ́ sí ẹ̀rọ ìfátáyà kí túúbù tuntun tó wọlé tán, ni ọmọkùnrin afinimọ̀nà náà bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fá a. Ohun tó gún un ṣì lè wà ńbẹ̀." Ó wé àkísà mọ́ àtàǹpàkò, ó rọra fà á yí inú táyà ká, kò sì tíì dé ìdajì tí àkísà náà fi há. Wáyà kan tí kò gùn ju irun ìpéǹpéjú lọ ló fi ẹ̀mú kékeré yọ níbẹ̀. Ká ní a ti fá táyà yẹn bẹ́ẹ̀ ni, a ì bá tún dúró kí a tó dé Àjàṣẹ́. Ohun tí n kò gbà ni bí wọ́n ṣe ń fá táyà náà le ganan-in ní ṣọ́ọ̀bù. Táyà tó fẹ̀ ní mìlímítà 23 péré ni wọ́n lò, wọ́n sì fá a débi tí gbogbo òkúta orí ọ̀dà fi ń dáhùn nínú eegun ẹ̀yìn. Mìlímítà 28, tí a kò fá le tó bẹ́ẹ̀, ni ọ̀nà wa ń fẹ́. Ó ń gba kòtò mọ́ra, kò sì ń fi bẹ́ẹ̀ dín ìyára kù.

Òmù-Àrán ni ọ̀rọ̀ wà. Láti Àjàṣẹ́, a óò máa bá títì lọ sí ìhà ìlà-oòrùn gba Òrò kọjá, gbogbo ìrìn náà láti Ìlọrin sì jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 80. Ìlọrin ga tó nǹkan bíi mítà 300 ju òkun lọ, Òmù-Àrán sì ga ju mítà 500 lọ. Ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ lè rò pé igba mítà péré ni òun fẹ́ gùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí ilẹ̀ Ìgbómìnà kì í jẹ́ kí ènìyàn tọ́jú gíga tó ti fi òógùn rà: a óò gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tán, a óò tún sọ̀ kalẹ̀ dé ojú odò kékeré tó wà láàárín òkè méjì, kí a tó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ó rẹwà púpọ̀. Láti orí ọ̀kan a máa rí títì tó tún ń gun èkejì níwájú, òkè olókùúta dúdú á sì wà lọ́ọ̀ọ́kán, pàápàá lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ nígbà tí koríko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.

Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gbé fún ènìyàn kò bá òkè yẹn mu. Eyín 53 àti 39 ni jía iwájú méjèèjì ní, jía ẹ̀yìn sì bẹ̀rẹ̀ láti 11 dé 23, ìyẹn irú èyí tí àwọn tó ń díje lórí ilẹ̀ títẹ́jú ń lò. Bí a bá fi jía rẹ̀ tó rọ̀ jù lọ gun òkè, ẹsẹ̀ yíyí kan á gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta ààbọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa yí ẹsẹ̀ ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe yẹ orúnkún, gbọ́dọ̀ máa sáré kìlómítà 12 sí 13 ní wákàtí kan lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, agbára ẹni tó ń díje ni èyí sì ń fẹ́. Bí kò bá ní agbára náà, á dìde dúró lórí pẹ́dà, á máa fi ìwọ̀n ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, orúnkún á sì san gbèsè rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Jía iwájú eyín 50 àti 34, pẹ̀lú ti ẹ̀yìn tó dé 32, á sọ mítà mẹ́ta ààbọ̀ yẹn di méjì àti díẹ̀, ẹni tó lé ní ogójì ọdún á sì lè gun òkè náà ní kìlómítà mẹ́jọ ní wákàtí kan láìmí gúlegúle. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà dá mi lóhùn pé kẹ̀kẹ́ bó ṣe dé láti òkè òkun náà ni òun ṣe ń háyà rẹ̀. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n òun náà ló fi Òmù-Àrán kún ọjà rẹ̀.

Bíréèkì wọn dára, mo sì gbọ́dọ̀ yìn wọ́n fún un. Kí a tó kúrò ní Òrò, afinimọ̀nà sọ̀ kalẹ̀, ó fi aṣọ nu eteetí ríìmù táyà méjèèjì, nítorí eruku pupa tó bá lẹ̀ mọ́ rọ́bà bíréèkì máa ń jẹ irin, kì í sì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ dúró bó ṣe yẹ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ lè yà sí Èsìẹ́, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945 wà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, pẹ̀lú àwọn ère òkúta tí òkìkí ìlú náà kàn fún. Àsìkò tí wọ́n ń fún ènìyàn níbẹ̀ kéré jù, nítorí ọkọ̀ tó ń kó kẹ̀kẹ́ àti oníkẹ̀kẹ́ padà sí Ìlọrin ti máa ń dúró dè wọ́n ní Òmù-Àrán. Ní tèmi, ó sàn kí wọ́n jẹ́ kí ìrìn náà parí sí Èsìẹ́ fún ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i, ju kí wọ́n máa lé e kiri bí ẹni tó jí nǹkan lọ.

Wọn kì í kọjá Òmù-Àrán, bí oníbàárà tilẹ̀ ń bẹ̀ wọ́n. Òkè tó dùn-ún wò jù ṣì wà níwájú, ní ìhà Òkè-Èrò àti ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ti Kwara, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti pa ọba kan sínú ààfin rẹ̀ níbẹ̀ ní 2024, tí ọ̀rọ̀ ajínigbé kò sì tíì tán nílẹ̀, kò sí ẹni tó yẹ kó bá wọn jà lórí ìyẹn. Wọ́n tún máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní gáréèjì láàárọ̀ bí ọ̀nà ṣe rí, bí èsì kò bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, owó oníbàárà á padà sí i lọ́wọ́ láìsí àríyànjiyàn.

Owó kẹ̀kẹ́ àti ti afinimọ̀nà kò ga rárá bí a bá wo iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò sí lára rẹ̀. Wàrà àti búrẹ́dì ni kí ènìyàn jẹ kó tó kúrò nílé, kó sì ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Lẹ́yìn tí mo ṣàròyé, wọ́n ti pààrọ̀ jía ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kan sí èyí tó dé eyín 32. Aláwọ̀ ewé ni, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni. Ẹni tó bá ń lọ sí Òmù-Àrán ni kó tètè béèrè rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹni tó ń lọ sí ìdí dáàmù tó gbé e lọ.