Bọ́gà In-N-Out ẹ̀gbẹ́ LAX: ta ló yẹ kó jáde lọ jẹ ẹ́, ta ni kó jókòó sí géètì rẹ̀

Bí bàlúù bá já yín sílẹ̀ ní LAX, pápákọ̀ òfurufú Los Angeles, tí èyí tí ẹ máa wọ̀ tẹ̀ lé e kò sì ní gbéra kí wákàtí 4 tó pé, In-N-Out tó wà ní 9149 South Sepulveda Boulevard tó lọ. Bí àkókò yín kò bá tó wákàtí 3, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Bọ́gà yòówù tí wọ́n bá ń tà lẹ́bàá géètì yín ni kí ẹ fara mọ́. Ẹni tó ní wákàtí 3 sí 4 lọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ìṣirò, torí Terminal tó balẹ̀ sí àti ẹrù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa pinnu bóyá yóò jẹun tàbí yóò sáré.

Àìrítòsí ló sọ bọ́gà yìí di olókìkí, adùn nìkan kọ́. Harry àti Esther Snyder dá In-N-Out sílẹ̀ ní Baldwin Park, California, ní 1948. Láti ìgbà náà, wọn ò yá ẹlòmíì ní orúkọ náà fi ṣòwò. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń dá gbogbo ẹ̀ka ṣe. Ẹran tí kò wọ fírísà ni wọ́n ń lò, ilé ìgẹran tiwọn ló sì ń lọ̀ ọ́ tó ń fi ránṣẹ́, nítorí náà ẹ̀ka kan ò lè jìnnà ju ibi tí ọkọ̀ ẹran lè dé lọ. Ó di 1992 kí wọ́n tó kọjá sí Nevada, ó sì di 2011 kí wọ́n tó dé Texas. Ẹni tó ń gbé ní New York, London tàbí Tokyo kò lè rí i rà nítòsí ilé, bẹ́ẹ̀ LAX ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà wọ California. Ìdí nìyí tí ẹ̀ka Sepulveda kì í fi í ṣàìní ẹni tó ń wọ́ àpótí lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀nà àtilọ

Àwọn Terminal LAX tò yí ibi ìgbọ́kọ̀sí ká, ẹnu wọn sì ṣí sí ìlà oòrùn. Terminal 1 wà ní igun àríwá ẹnu náà, òun ló sún mọ́ Sepulveda jù. Láti ibẹ̀, bíi máìlì kan péré ni, ìṣẹ́jú 20 sí 25 fún ẹni tó ń rìn déédéé. Ẹ gba ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ jáde sí Sepulveda, kí ẹ wá kọjú sí àríwá. Ọkọ̀ ń sáré gan-an ní títì yìí, ẹ má sọdá níbikíbi tí kì í bá ṣe ibi tí iná ti ń dá ọkọ̀ dúró.

Terminal Tom Bradley, níbi tí ọ̀pọ̀ bàlúù òkè òkun ń já èrò sí, wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ní ìwọ̀ oòrùn. Ẹ fi ìṣẹ́jú 10 sí 15 kún un. Ẹni tó bá balẹ̀ sí Terminal 7 tàbí 8 kò nílò kó yí gbogbo ẹ̀yìn ká bí àwòrán ilẹ̀ ṣe máa ń jẹ́ kó dà bíi pé ó yẹ. Ẹ gba àárín ibi ìgbọ́kọ̀sí kọjá sí ìhà Terminal 1, ọ̀nà á kúrú.

Ti Uber tàbí Lyft ńkọ́? Láti ọdún 2019, wọn kì í gbé èrò ní ẹnu ọ̀nà Terminal mọ́. LAX-it, pápá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Terminal 1, ni wọ́n ti ń gbé wọn. Ẹ gbé e yẹ̀ wò: ẹ ó wọ bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé lọ síbẹ̀ tàbí kí ẹ rìn ín, ẹ ó dúró de ọkọ̀, ọkọ̀ ó wá bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹni tó ti fẹsẹ̀ rìn láti Terminal 1 á ti máa tò lórí ìlà kí ẹ tó dé. Àmọ́ nígbà àbọ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ọkọ̀ lè já yín sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà Terminal yín gan-an, ní òkè níbi tí àwọn tó ń rìnrìn-àjò ń gbà wọlé. Nítorí náà, ẹ fẹsẹ̀ lọ, kí ẹ fi ọkọ̀ bọ̀. Owó ọkọ̀ náà lè ju owó oúnjẹ lọ, àmọ́ ó máa dá ìṣẹ́jú bíi 15 padà fún yín ní àkókò tí ìṣẹ́jú níye lórí jù.

Ẹ máa gbọ́ pé bọ́ọ̀sì ibi ìgbọ́kọ̀sí àdáni kan tó wà lágbègbè náà máa ń gbé èèyàn dé ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn oníbàárà wọn ni wọ́n ṣe é fún. Awakọ̀ lè gbé yín, ó sì lè sọ pé rárá. Ẹ má gbé ètò yín kà á.

Ìwé àti ẹrù

Amẹ́ríkà kò ní ibi tí èrò òkè òkun ti lè pààrọ̀ bàlúù láì kọjá lọ́dọ̀ àwọn ìmígírésọ̀n. Bí ẹ bá ti òkè òkun dé, ẹ gbọ́dọ̀ ní físà tàbí àṣẹ ìwọlé bó ti wù kó rí, ẹ ó sì bá wọn lójú kojú, ẹ ó gba ẹrù yín, ẹ ó kọjá lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ẹ tó tún ẹrù náà fà lé ilé iṣẹ́ bàlúù lọ́wọ́. Ibi tó dáa nínú ẹ̀ ni pé ìta lẹ máa bá ara yín, ẹ ò ní jáde tìtorí bọ́gà. Ibi tí kò dáa ni pé gbogbo èyí lè gba wákàtí 1 sí 2 kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan.

Kò sí lọ́kà ìfẹrùpamọ́ nínú Terminal LAX. Ohun tí ẹ kò bá fà lé ilé iṣẹ́ bàlúù lọ́wọ́, ẹ̀yin lẹ máa gbé e. Báàgì ẹ̀yìn kan kò burú. Àpótí onítáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sepulveda, nínú ilé oúnjẹ tí àyè ìjókòó rẹ̀ máa ń kún, tí ẹ tún gbé àwo oúnjẹ dání, ìyà ni.

Ìṣirò

Ẹni tó bá ti inú Amẹ́ríkà dé, tó tún ń lọ sí inú Amẹ́ríkà, báyìí ni àkókò rẹ̀ ṣe máa ń lọ: ìṣẹ́jú 25 láti orí ìjókòó bàlúù dé ìta, 25 fún ìrìn, 30 fún ìlà àti ìdúró de oúnjẹ, 20 fún jíjẹ, 25 fún àbọ̀, 40 fún àyẹ̀wò ààbò. Ìṣẹ́jú 165 nìyẹn. Bàlúù sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní bíi ìṣẹ́jú 40 kó tó gbéra. Ó ti di wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 25, láìtíì sí bàlúù tó pẹ́ balẹ̀. Ìdí tí a fi ní wákàtí 4 nìyẹn. Bí ẹ bá ń lọ sí òkè òkun, ẹ jẹ́ kó pé 5; bí ẹ bá ti òkè òkun dé, ẹ jẹ́ kó pé 6.

Ẹ kíyè sí i pé ìlà ilé oúnjẹ kọ́ ló ń jẹ àkókò jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń dẹ́rù ba èèyàn. Àyẹ̀wò ààbò ni. Ìlà ọkọ̀ ní In-N-Out lè gùn títí dé títì, àmọ́ ẹlẹ́sẹ̀ ò bá wọn tò. Ẹ wọ inú ilé, ìlà tibẹ̀ máa ń yára. Lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà, ìgbà yẹn sì ni wọ́n tó máa gbé ẹran yín sórí iná, nítorí náà ẹ fi ìṣẹ́jú 8 sí 12 sílẹ̀. Láti ọ̀sán gangan sí aago 2 ni èrò ń pọ̀ jù, ó tún ń kún lálẹ́.

Wọn kì í ṣí títí di aago 10:30 àárọ̀. Ẹni tí bàlúù rẹ̀ balẹ̀ ní aago 6 ìdájí, tí òmíràn máa gbé e ní aago 11, kò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀, bí wákàtí rẹ̀ tilẹ̀ pé 5. Aago 1 òru ni wọ́n ń tì. Ó máa ń di 1:30 lálẹ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta.

Ohun tó yẹ kí ẹ rà

Double-Double. Ẹran lílọ̀ pẹlẹbẹ 2, ṣíìsì 2, létùsì, tòmátì, ọbẹ̀ aláwọ̀ osùn rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n ń pè ní spread, nínú búrẹ́dì tí wọ́n yan inú rẹ̀ lórí irin gbígbóná. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ fẹ́ àlùbọ́sà. Ẹ ní kí wọ́n bá yín dín in. Hamburger ẹlẹ́ran kan ṣoṣo kò tó nǹkan: ẹran wọn tẹ́ẹ́rẹ́, búrẹ́dì á bò ó mọ́lẹ̀. Ní 2 ni òṣùwọ̀n náà bára mu, torí ṣíìsì á yọ́ sáàárín ẹran méjèèjì, á so wọ́n pọ̀. 3x3 àti 4x4 wà fún ẹni tó bá fẹ́, àmọ́ iyọ̀ á ti pọ̀ jù, létùsì tó yẹ kó máa pa á ò sì ní tó mọ́.

Animal Style kò sí lára ohun tí wọ́n kọ sórí pátákó, ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ wọn tí kò mọ̀ ọ́n: wọ́n á fi mọ́sítáàdì ra ẹran kí wọ́n tó dín in, wọ́n á fi àlùbọ́sà díndín, kùkúńbà inú fínígà àti spread tó pọ̀ sí i kún un. Ó dùn, ó sì ń kán sára aṣọ. Ẹni tó máa wọ bàlúù wákàtí 10 lẹ́yìn náà kí ó ro ti ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Protein Style, níbi tí létùsì ti gba ipò búrẹ́dì, ń kán ju ìyẹn lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ràn ata, kí ó béèrè ata aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n lè gé e wẹ́wẹ́ sínú bọ́gà bí ẹ bá sọ fún wọn kí wọ́n tó tẹ iye owó. Kò sí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀ rárá, kò sì sí bọ́gà ẹ̀wà tàbí ti ewébẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ ẹran, Grilled Cheese ló kù fún un, ìyẹn Double-Double tí wọ́n yọ ẹran rẹ̀.

Pòtétò díndín wọn ni ibi tí àwọn tó ń yìn wọ́n àti àwọn tó ń bú wọn ti ń pàdé, àwọn tó ń bú wọn ló sì jàre. Ojú yín ni wọ́n á ti gé pòtétò tútù, wọ́n á sì dín in lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀bi gan-an nìyẹn. Pòtétò díndín tó máa ń dún kàráká lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń jẹ́ kó fojú kan òróró: ti àkọ́kọ́ á sè é, á lé omi kúrò, ti èkejì á mú ara rẹ̀ le. Ti In-N-Out kò rí ìpele kejì, nítorí náà omi ṣì wà nínú rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú 5 á ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ ní kí wọ́n ṣe é well done. Á pẹ́ díẹ̀ sí i, àmọ́ á ṣeé jẹ. Bí àkókò yín ò bá tó, ẹ fi sílẹ̀. Double-Double 2 sàn ju ọ̀kan pẹ̀lú pòtétò lọ.

Bàlúù lókè orí

Ìdajì ohun tí èèyàn ń lọ wò níbẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ. Ojú ọ̀nà 24R tí bàlúù ń balẹ̀ sí bẹ̀rẹ̀ nítòsí ilé oúnjẹ náà, wọ́n sì ń ti ìlà oòrùn bọ̀, wọ́n ń gba orí Sepulveda kọjá nígbà tí táyà wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Koríko kékeré kan wà nítòsí ibẹ̀ tí àwọn èèyàn ń jókòó sí pẹ̀lú bọ́gà wọn lọ́wọ́. Àmọ́ láti aago 12 òru sí 6:30 ìdájí, LAX máa ń yí ètò padà kí ariwo má bàa dí àwọn ará àdúgbò lọ́wọ́ oorun: orí òkun ni bàlúù á máa gbà balẹ̀. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lẹ́yìn aago 12 òru á rí bọ́gà, kò ní rí bàlúù lókè orí.

Ríra gbé wọ bàlúù

Àwọn TSA, ìyẹn òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò ààbò, kì í dá bọ́gà dúró. Oúnjẹ gbígbẹ ló jẹ́ lójú wọn. Milkshake àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni kò lè kọjá, torí ohun olómi kò gbọ́dọ̀ ju mílílítà 100 lọ. Ẹ mu ún tán lójú ọ̀nà. Pákẹ́ẹ̀tì spread kéékèèké lè kọjá bí ẹ bá kó o pọ̀ mọ́ àwọn ohun olómi yín yòókù.

Pé ó lè kọjá kò túmọ̀ sí pé ó dáa. Ooru ẹran á yí padà di omi nínú bébà, búrẹ́dì á mu ún, létùsì á sì rọ. Bí ó bá pọn dandan, ẹ ní kí wọ́n yọ tòmátì, kí wọ́n fún yín ní spread lọ́tọ̀, kí ẹ sì ṣí ẹnu àpò náà sílẹ̀ títí ẹ ó fi dé ibi àyẹ̀wò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, ohun tó mú kó sàn ju ti ẹ̀gbẹ́ géètì ti tán lára rẹ̀.

Ẹni tó bá ń gba San Francisco kọjá ní ọ̀nà tó rọrùn ju èyí lọ: BART, ọkọ̀ ojú irin ibẹ̀, ń gbéra láti inú SFO, pápákọ̀ òfurufú ìlú náà, lọ sí Millbrae, ẹ̀ka In-N-Out kan sì wà ní Rollins Road tí ẹsẹ̀ lè dé láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin náà. Ẹ wo àkókò ọkọ̀ àbọ̀ kí ẹ tó jáde. Bí Las Vegas, Phoenix tàbí Dallas bá sì ni ẹ ń lọ láti LAX, ẹ jókòó sí géètì yín. Wọ́n ń ta bọ́gà kan náà níbẹ̀, kò sì sí àyẹ̀wò ààbò tó ń dúró dè yín lẹ́yìn rẹ̀.