Òpópónà Ilé-Ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù: Ètò Tó Gba Títì Padà fún Ọmọdé

Láti ìgbà tí mo ti ń mú ọmọbìnrin mi lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, kò sí iṣẹ́ kánsù tó wúlò fún wa tó ètò School Streets, èyí tí Hackney, agbègbè kan ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ń lò, tí kánsù tiwa náà sì mú lò. Bí àkókò ìwọlé tàbí ìjáde bá ti tó, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gba iwájú ilé-ìwé mọ́. Kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà ẹni tó bá tàpá sí òfin, owó ìtanràn sì lè tó pọ́n-ùn 160. Àwọn tó ń gbé òpópónà náà lè gba ìyọ̀ǹda, ọkọ̀ panápaná sì lè kọjá nígbàkigbà.

Ọmọ mi, tí mo máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin tẹ́lẹ̀, ti ń gun sukúta rẹ̀ láàárín títì báyìí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá kan ń ti ọmọ tirẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, láìsí pé ó ń wá ibi tí yóò gbà láàárín àwọn ọkọ̀ tó gun orí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Inú mi dùn gan-an sí èyí.

Àléébù kan wà o. Àwọn awakọ̀ kan máa ń lọ páàkì sí òpópónà kékeré tó tẹ̀lé e, níbi tí kámẹ́rà kò dé, àwọn ọmọ tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ sì ń fi ẹ̀mí wewu. Ó yẹ kí wọ́n fẹ ààlà ètò náà dé ìkòríta. Nínú máàkì márùn-ún, mo fún un ní mẹ́rin.