Ínfátà náà dára, ṣùgbọ́n Yorùbá inú ìwé ìlò rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ra ínfátà yìí, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná tí a ń lò nílé, ní ìgboro Ìlọrin, tí mo sì gbé e lọ sílé wa ní Ọmù-Àrán. Ẹ̀rọ náà kò tíì dá mi lágara. Ìwé ìlò rẹ̀ ni mo ní ẹjọ́ bá rò, nítorí pé Yorùbá tí wọ́n fi kọ ọ́ gan-an ló jẹ́ kí n yàn án, kí ìyá mi lè máa rí i kà nígbà tí n kò bá sí nílé.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé bátìrì ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. 24 volt ni ẹ̀rọ tèmi ń gbà, bátìrì 12 volt méjì ni mo sì ní. Ìwé náà ní kí n “so wọ́n pọ̀”. Gbólóhùn yìí kan náà ló tún lò fún ẹ̀rọ kékeré tó ń gba 12 volt. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni. Bí a bá fa wáyà láti positive (+) ọ̀kan sí negative (−) èkejì, 24 volt ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá so positive mọ́ positive, tí a so negative mọ́ negative, 12 volt náà ni yóò wà, àfi pé iye amp-hour (Ah) tí a kọ sára bátìrì kan yóò di ìlọ́po méjì. Series ni àwọn oníná ń pe ti àkọ́kọ́, parallel ni wọ́n ń pe èkejì, n kò sì rí ohun tó burú nínú kíkọ wọ́n bẹ́ẹ̀.

Nínú ìwé náà, positive di “ẹnu rere”, negative di “ẹnu búburú”. Ìyá mi kà á, wọ́n bi mí pé ta ni yóò mọ̀ọ́mọ̀ so wáyà mọ́ ẹnu búburú.

Wọ́n tún kọ ọ́ pé “bátìrì yẹ kí ó jẹ́ gbígbà láàyè láti tutù”, bí ẹni pé a kì í sọ pé “ẹ jẹ́ kí bátìrì tutù”. Àmì ohùn kò sí rárá, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń kánjú lè ka “fọ gíláàsì” sí “fọ́ gíláàsì”.

Ojú ewé ìtọ́jú páńẹ́lì tó ń fi oòrùn ṣe iná nìkan ló dùn ún kà: ẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò láàárọ̀, kí oòrùn tó mú gíláàsì gbóná, torí omi tútù lè mú kí gíláàsì gbígbóná sán. Ó jọ pé ẹlòmíràn ló kọ ibẹ̀.

Mo ti fi báírò fagi lé ẹnu méjèèjì, mo sì kọ + àti − rọ́pò wọn bí wọ́n ṣe wà lára bátìrì. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ náà, kó rà á, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí oníná bá a so bátìrì.