Gbàǹjo àbí ọwọ́ ẹni tó ni ín: ibo lẹ ti fẹ́ ra Mustang àtijọ́ yín?

Ní gbogbo ìgbà tá a bá ti ṣe Ojúde Ọba tán n'Íjẹ̀bú-Òde, ìbéèrè kan náà ló máa ń wọlé sórí fóònù mi. Ẹnìkan á ti rí ọkọ̀ àtijọ́ kan tó ń dán gbinrin nítòsí ibi táwọn ẹlẹ́ṣin ń gbà kọjá, á ní "bọ̀dá, èmi náà fẹ́ ra Mustang 1967, ṣé kí n lọ ná an ní gbàǹjo ni àbí kí n wá ẹni tó fẹ́ ta tiẹ̀?" Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó wà ní Houston àti Atlanta ló tiẹ̀ ń béèrè jù torí ọ̀dọ̀ wọn lọkọ̀ wà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Texas ti jọ ra mẹ́ta, ọ̀kan ní gbàǹjo, méjì lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn yẹ ìwé ọkọ̀ wò láti Ṣágámù níbí lórí WhatsApp, èmi kì í sì í sùn bọ̀rọ̀ tí mo bá ń wò ó. Kí n ti sọ ibi tí mo dúró sí: tó bá jẹ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́ yín nìyí, ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ọkọ̀ tí mò ń wí ni àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà onílẹ̀kùn méjì tí wọ́n ki ẹ́ńjìnnì ńlá bọ̀ nínú láàárín 1964 sí bíi 1972. Pontiac GTO ti 1964 lọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó ṣílẹ̀kùn, ọdún yẹn náà ni Mustang jáde, April 17, lẹ́yìn náà ni Charger dé, Camaro dé, Challenger dé, ìgbà tó fi máa di 1970 Chevelle SS 454 tó ní ẹ́ńjìnnì LS6 ti ń fọ́nnu pé òun ní agbára ẹṣin 450. Kò pẹ́ tí owó inṣọ́ránsì àti òfin èéfín fi rẹ gbogbo wọn sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi pọ̀, tí wọ́n sì fi wọ́n.

Kẹ́ ẹ tó yọ owó kankan

Ohun kan wà tí àwọn ajẹ́ńtì kì í fẹ́ sọ fún yín. Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ò gba ọkọ̀ àlòkù tó bá ti lé ní ọdún 12 láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba bọ́dà orí ilẹ̀ wọlé láti January 2017. Ọkọ̀ 1969 ti ju àádọ́ta ọdún lọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun máa bá yín gbé e gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, ẹ sá fún un, torí ọjọ́ tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé e, fóònù ẹ̀ ò ní lọ mọ́. Àwọn tí mo bá rà á, ọ̀hún lọkọ̀ wọn ń gbé, nínú gáréèjì ọmọ wọn tàbí àbúrò wọn, tí wọ́n bá lọ kí ọmọ wọ́n á wà á dáadáa.

Àwọn mìíràn á ní àwọn máa ra èyí tó ti wà nílé. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ẹ̀, ẹ má gba àlàyé. Ẹ sì tún rántí pé April 2, 1972 ni Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún. Tí ẹnìkan ní Ìkẹnnẹ́ bá sọ pé bàbá òun ra Camaro yìí ní tuntun l'Ékòó ní 1969, ẹ wo ibi tí sìtíárìn wà, torí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún apá òsì títì, apá ọ̀tún ni sìtíárìn ẹ̀ máa ń wà. Tó bá wà lápá òsì, ẹ ní kó mú rìsíìtì bàbá wá. Ó lè jẹ́ òótọ́ o, rìsíìtì ni kó sọ ọ́.

Nọ́ḿbà ló ń díyelé

Ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí bóyá gbàǹjo lẹ lọ ni o, bóyá ọwọ́ ẹni tó ni ín ni o, ẹni tí ò bá mọ nọ́ḿbà kà á máa san owó wúrà ra bàbà ni. Láti 1968, wọ́n máa ń tẹ díẹ̀ lára VIN, ìyẹn nọ́ḿbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, sára ẹ́ńjìnnì ẹ̀ fúnra ẹ̀. Tí méjèèjì bá bára mu, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi bí i ló ṣì ń gbé káàkiri yẹn, owó ẹ̀ á sì fò sókè. Tí ò bá bára mu, ọkọ̀ náà ṣì lè dùn ún wà, àmọ́ kí wọ́n má pe iye kan náà fún yín.

Àwọn tó ń ṣe jíbìtì, ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á ra ọkọ̀ lásán tí ìrísí ẹ̀ jọra, wọ́n á kun ún, wọ́n á lẹ bájì olówó mọ́ ọn. Wọ́n á sọ LeMans di GTO, wọ́n á sọ Malibu di SS. GTO ti 1966 sí 1971, VIN ẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 242, tí ẹ bá rí nọ́ḿbà mìíràn níbẹ̀, ẹ máa kí wọn pé ó dàbọ̀. Ti 1964 àti 1965 ò rí bẹ́ẹ̀, ara LeMans ni wọ́n ṣì kà á mọ́ nígbà yẹn, ìwé láti ọ̀dọ̀ PHS, àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ Pontiac, ló máa là á. Chevelle SS náà, 1966 sí 1968 ẹ máa rí 138 níwájú, ṣùgbọ́n láti 1969 SS ti di ohun tí wọ́n ń fi kún ọkọ̀, VIN ò ní sọ ọ́ fún yín mọ́, àfi ìwé tí wọ́n kọ nílé iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ti Ford láti 1967, ẹ ra Marti Report, owó kékeré ni, ohun tí wọ́n fi sínú ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tó jáde ló máa kà fún yín lẹ́sẹẹsẹ. Challenger 1970, ẹ ka lẹ́tà VIN dé ìkarùn-ún, tó bá jẹ́ R, 426 Hemi nìyẹn, ẹ́ńjìnnì ńlá tí kò wọ́pọ̀, kí ọkàn yín bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

Lẹ́yìn nọ́ḿbà ni ipò tí ọkọ̀ wà. Hagerty, ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì ọkọ̀ àtijọ́, máa ń pín in sí 1 dé 4, 1 ni èyí tó dà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, 4 ni èyí tó ń rìn àmọ́ tí àléébù ẹ̀ hàn síta, ìyàtọ̀ owó àárín wọn sì pọ̀ gan-an. Nínú gbogbo èyí tí mo ti bá èèyàn yẹ̀ wò, bóyá ẹnìkan péré ló pe 3 ẹ̀ ní 3. Àwọn yòókù, 2 ni wọ́n ń pè é.

Gbàǹjo

Ẹ máa gbọ́ orúkọ Mecum tó máa ń ṣe ní Kissimmee ní Florida ní gbogbo January, Barrett-Jackson ní Scottsdale ní Arizona lóṣù kan náà, àti Bring a Trailer tó jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ tẹ́ ẹ lè wá fún ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀ rí lọ́jọ́ kan, gbogbo ayé ń rí iye tí wọ́n tà á, ní Mecum àti Barrett-Jackson ìwé ọkọ̀ sì máa ń gba ọwọ́ ilé gbàǹjo kọjá, ẹ ò ní máa sáré lé ẹni tó tà á kiri.

Ìyà ẹ̀ wà nínú owó orí, ìyẹn owó tí ilé gbàǹjo máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó rà á lórí iye ọkọ̀. Ní àwọn ilé gbàǹjo ńlá tí èèyàn ń lọ jókòó sí, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ́pọ̀ tí wọ́n ń fi lé e lẹ́yìn tí òòlù bá ti balẹ̀ pé ó ti tà, orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ Bring a Trailer kì í tó bẹ́ẹ̀. Mustang 1968 aláwọ̀ ewé tí òṣèré Amẹ́ríkà Steve McQueen wà káàkiri nínú fíìmù Bullitt, ní Kissimmee ní January 2020, òòlù balẹ̀ lórí mílíọ̀nù 3.4 dọ́là, ẹni tó rà á san 3.74. Owó tó lé lórí yẹn nìkan, 340,000! Lórí ọkọ̀ tiyín náà ìṣirò kan náà ni.

Ẹ̀gbọ́n mi jìyà ẹ̀. A jọ fẹnu kò sí 45,000, mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà pé ẹ má kọjá 45 o. Ariwo ń sọ, ẹni tó ń pe owó ń sáré bí onísẹ́kẹ́rẹ́, ọkùnrin kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ wọn gan-an ń sọ pé "ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀kan péré sí i", ẹnìkan ní òdìkejì ń gbé ọwọ́ sókè, kí wọ́n tó mọ̀, òòlù ti balẹ̀ ní 52,000. Pẹ̀lú owó orí ó di 57,200, kí a tó gbé e kúrò níbẹ̀. Ìgbà tá a wá gbé e sókè la rí i pé ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti dógùn-ún, pọ́tì ni wọ́n fi dí i, wọ́n sì kun ọ̀dà dúdú lé e. A ò lè bá ẹnikẹ́ni jà, bẹ́ ẹ ṣe bá a lẹ rà á, ó wà nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí.

Wọn kì í sábà jẹ́ kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ wò ní gbàǹjo. Ẹ lè wò ó, ẹ lè wo abẹ́ ẹ̀, wọ́n lè tan án fún yín, ó parí. Ẹ fojú inú wo ọmọ ilé Balógun kan tó fẹ́ ra ẹṣin tó máa gùn ní Ojúde Ọba, ṣé ó lè rà á láì jẹ́ kó rìn, láì wo eyín ẹ̀, láì gbé pátákò ẹ̀ sókè? Ohun tí gbàǹjo ń ní kẹ́ ẹ ṣe nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ tètè dé ní ọjọ́ àfihàn, ẹ mú ẹnìkan tó mọ ọkọ̀ dání, kẹ́ ẹ kọ iye tẹ́ ẹ ò ní kọjá sílẹ̀, kẹ́ ẹ ti yọ owó orí kúrò nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé: ẹni tó ní 50,000 lápò, ó gbọ́dọ̀ dúró ní 45,000. Ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ náà ní iye tí olówó ẹ̀ ò ní tà sísàlẹ̀ ẹ̀. Orí Bring a Trailer ẹ má rò pé ẹ máa fi ìṣẹ́jú ìkẹyìn gbọ́n, tí ẹnìkan bá ti dá owó láàárín ìṣẹ́jú méjì ìkẹyìn, aago á tún padà sí ìṣẹ́jú méjì.

Ọwọ́ ẹni tó ni ín

Mustang tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ẹ mọ bó ṣe dé gbàǹjo? Ìdílé kan ló rà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín ní 1974, bíi 6,000 dọ́là. McQueen fúnra ẹ̀ kọ lẹ́tà sí wọn ní 1977 pé kí wọ́n jọ̀ọ́ ta á padà fún òun, wọn ò tà á, ó sì wà lọ́wọ́ ìdílé yẹn títí di 2020. Irú ọkọ̀ báyìí pọ̀ nínú gáréèjì àwọn àgbàlagbà lọ́hùn-ún, àìsọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú wọn ni ò jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín.

Chevelle tá a rà ṣìkejì, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín, ó ti wà lọ́wọ́ wọn ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Wọ́n ń pe 46,000. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ná an bí wọ́n ṣe ń nájà l'Ókè-Ajé, kí wọ́n gé e sí méjì kí wọ́n wá máa gun òkè bọ̀, mo ní rárá o, bàbá yìí á tilẹ̀kùn mọ́ wa. Wọ́n lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà àkọ́kọ́, ìtàn ọkọ̀ ni bàbá sọ láti àárọ̀ dọ̀sán, ẹ̀gbọ́n mi jókòó gbọ́ ọ. Ìgbà kejì, wọ́n kó rìsíìtì gbogbo jáde nínú páálí kan, títí dórí plọ́ọ̀gì. Ìgbà kẹta lẹ̀gbọ́n mi wá mú iye tí wọ́n ta irú ẹ̀ mẹ́rin ní gbàǹjo lọ́dún yẹn dání, wọ́n fi hàn bàbá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bàbá gbà á ní 42,500. Kò sí owó orí kankan. Bàbá tún kó àwọn ohun èlò fèrèsé tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn: gbàǹjo ni mo ti ń kọ́ iye, ọwọ́ ẹni tó ni ín ni mo ti ń rà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń ka iye gbàǹjo, ẹ wò ó bóyá owó orí ti wà nínú ẹ̀, torí ibi kan máa ń kà á mọ́ ọn, ibòmíì kì í kà á mọ́ ọn.

Ewu tiẹ̀ náà wà, kò sì kéré. Kò sí ilé gbàǹjo láàárín yín, ẹ̀yin lẹ máa ṣọ́ ara yín. Orúkọ tó wà lórí táítù, ìyẹn ìwé tó ń sọ ẹni tó ni ọkọ̀, gbọ́dọ̀ bá káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó ń tà á mu, tó bá ní ti ọ̀rẹ́ òun ni, ẹ ní kí ọ̀rẹ́ náà wá. Ẹ rí i dájú pé kò sí gbèsè báǹkì lórí ọkọ̀ náà. Ẹ ní kó má tan án kẹ́ ẹ tó dé, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, tó bá ti gbóná ó ní ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tẹ́ ẹ fi aṣọ wé dání, ẹ máa gbé e lé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti etí táyà ẹ̀yìn, ibi tí ò bá ti lẹ̀, pọ́tì ló wà níbẹ̀. Ẹ sanwó fún ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ àtijọ́ wò, kó gbé e sókè, kó wo ṣásí. Kẹ́ ẹ wà á, ó kéré tán ìdajì wákàtí. Inú báǹkì ni kẹ́ ẹ ti sanwó, kẹ́ ẹ gba táítù lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi àsansílẹ̀ ránṣẹ́ torí òun ò sí nílùú, ẹ má dá a lóhùn mọ́.

Tó bá jẹ́ Hemi gidi lẹ ń wá, tàbí ọkọ̀ tí ìyókù ẹ̀ láyé ò pọ̀, ẹ lọ gbàǹjo, ẹ mú amòye dání, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jáde, owó orí yẹn sì tọ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ Mustang tàbí Camaro tí òun á máa wà lọ jẹun ní Sátidé, tí owó ẹ̀ ò sì ju 50,000 lọ, ẹ wá àgbàlagbà kan tó ní rìsíìtì nínú páálí.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ̀gbọ́n mi ń lọ wo Pontiac 1966 kan tó jìnnà sí wọn ní wákàtí mẹ́rin. Àwòrán VIN ti wọlé sórí fóònù mi lánàá, 242 ni. A ti pe ẹni tó ni ín, a ní kó jọ̀ọ́ má tan án láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.