Mowé àbí Ìjú? Rìfíù ọkọ̀ ojú irin Red Line fún ẹni tíṣẹ́ ń gbé bọ̀ l'Ékòó

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún níṣẹ́ l'Ékòó, tẹ́ ẹ ṣì wà n'Íbàdàn, l'Óṣogbo, l'Ákùúrẹ́, tẹ́ ẹ wá ń bi gbogbo ayé pé ibo gan-an ni kẹ́ ẹ wálé sí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Kì í ṣe ilé ni mo fẹ́ ṣe rìfíù ẹ̀ o, ọkọ̀ ni. L'Ékòó, ọkọ̀ lèèyàn kọ́kọ́ ń yàn, ilé á wá tẹ̀lé e. Àwọn tó bá jẹ́ pé táìlì ilẹ̀ àti POP ni wọ́n wò kí wọ́n tó sanwó, ẹ bi wọ́n aago tí wọ́n ń jí.

Yábà niṣẹ́ mi wà. Mo ti gbé Mowé rí, Ìjú ni mo wà báyìí, Red Line sì ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Tíṣẹ́ tiyín bá wà n'Íkẹjà, Oṣòdì, Mùṣin, Yábà tàbí Oyíngbò, ẹ wálé sẹ́bàá ojú irin, láti Agége títí dé Agbado. Tó bá jẹ́ Lekki tàbí VI (Victoria Island) niṣẹ́ wà, ọ̀rọ̀ yìí ò fi bẹ́ẹ̀ kàn yín, màá sọ ìdí ẹ̀ tó bá yá.

Ká ti ibi Mowé bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni éjẹ́ǹtì máa kọ́kọ́ mú yín lọ. Tẹ́ ẹ bá kúrò ní Berger, níbi tí Èkó ti fẹ́ẹ́ parí, tẹ́ ẹ kọjú sí Ìbàdàn lórí márosẹ̀, ẹ máa kan Arepo, Magboro, Ibafo, kẹ́ ẹ tó dé Mowé. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni gbogbo ẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó lọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbébẹ̀ ti ń jẹun. Mi ò ní purọ́ mọ́ Mowé o. Owó tó máa gba rúùmù àti pálọ̀ fún yín n'Íkẹjà lè gba fúláàtì gidi níbẹ̀, ilé tuntun ló pọ̀, ilẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé tẹ́ ẹ lè gbin ẹ̀fọ́ sí, afẹ́fẹ́ dáa, aládùúgbò á sì kí yín láàárọ̀. Tó bá jẹ́ pé ilé lẹ ti ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, tẹ́ ẹ kàn ń yọjú sí ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ gbé Mowé, ẹ má wulẹ̀ ka ìyókù.

Ọ̀nà ni wàhálà ibẹ̀. Ẹ̀yin, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, èyí tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya, tírélà tó ń lọ Apápá, tánkà tó ń lọ gbépo, gbogbo yín lẹ jọ máa forí lé Berger láàárọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì kọjá Berger, afárá Ọ̀tẹ́dọlá ń dúró dè yín, ibi tí tánkà kì í yéé ṣubú sí, ẹ ṣáà rántí ti oṣù kẹfà 2018 tí iná jó àìmọye mọ́tò pẹ̀lú àwọn èèyàn tó wà nínú ẹ̀. Lóòótọ́ wọ́n ti tún ọ̀nà náà ṣe, láti 2013 ni àtúnṣe ńlá yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dáa ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì, àmọ́ bí ọ̀nà ṣe ń dáa náà ni mọ́tò ń pọ̀ sí i. Ẹ tún wá fi ti àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì kún un. Fúráìdè àkọ́kọ́ nínú oṣù, Holy Ghost Service ti Redeem wà ní Redemption City. Sátidé àkọ́kọ́, Mountain of Fire ní tiwọn ní Prayer City, orí márosẹ̀ kan náà! Àdúrà dáa, èmi náà ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúrò níbi iṣẹ́ laago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè yẹn, kó ra búrẹ́dì dání.

Owó ọkọ̀ ńkọ́? Látìgbà tíjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ ò dúró sójú kan mọ́, tójò bá ti ṣú báyìí ó ti lé nìyẹn. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ ṣírò ẹ̀: Mowé sí Berger, Berger sí Ọ̀jọ́ta, Ọ̀jọ́ta sí Yábà, lọ àti bọ̀, ìlọ́po ogún ọjọ́ ó lé. Gbogbo owó tẹ́ ẹ rò pé ẹ jèrè lórí rẹ́ǹtì, dánfó ló ń gbà á díẹ̀díẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ wá ká mi lára jù kì í ṣe owó. Kèèyàn jáde nílé kí ọmọ tó jí, kó wọlé tọ́mọ ti sùn, kó wá di pé Sọ́ńdè nìkan lẹ jọ ń ríra. Rárá o.

Ó wá kan Red Line. Ìjọba Èkó ló ni ín, LAMATA, àjọ tó ń rí sí ètò ìrìnnà Èkó, ló ń bójú tó o. Tinubu ló wá ṣí i ní ìparí oṣù kejì 2024, àmọ́ ó di oṣù kẹwàá ọdún yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, ẹ sáà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kìlómítà 27 ni, stéṣọ̀n mẹ́jọ: Agbado, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Oṣòdì, Mùṣin, Yábà, Oyíngbò. Ojú irin tí ìjọba àpapọ̀ fi ń gbé èrò lọ Ìbàdàn náà ló ń tọ̀. Ọkọ̀ ọ̀hún fúnra ẹ̀ nítàn, Talgo ni, ìpínlẹ̀ Wisconsin l'Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, òṣèlú lọ́hùn-ún ò jẹ́ kí wọ́n lò ó, ó wà nílẹ̀ títí tí Sanwo-Olu fi lọ rà á wá sílé ní 2022. Tòkúnbọ̀ tí èrò ò wọ̀ rí, ẹ ẹ̀ rí nǹkan.

Inú ẹ̀ tutù, àga ẹ̀ dáa, kò sí kọ̀ndọ́kítọ̀ tó máa so ẹ̀yin àti ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí pọ̀ nítorí ṣéńjì. Káàdì Cowry lẹ fi ń wọlé, èyí tẹ́ ẹ fi ń wọ BRT, bọ́ọ̀sì ńlá Èkó, náà ni. Ẹ ṣáà kówó sínú ẹ̀ lálẹ́, ẹ má dúró dàárọ̀ Mọ́ńdè, ìlà ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Àmọ́ A/C kọ́ ló mú mi nífẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n ti kọ́ afárá sáwọn ibi tí mọ́tò ti máa ń dábùú ojú irin tẹ́lẹ̀, ní Yábà, Mùṣin, Ìkẹjà, Oyíngbò, torí náà kò sóhun tó ń dá a dúró lọ́nà, òjò ì báà rọ̀, tánkà ì báà ṣubú, kí sójà àti LASTMA, àwọn tó ń darí ọkọ̀ lójú títì, máa fa ṣòkòtò ara wọn ní Oṣòdì, tiwọn nìyẹn, a ti kọjá. Mo lè sọ fún ọ̀gá mi pé aago báyìí ni màá dé, kí n sì dé. L'Ékòó yìí! Ìyẹn gan-an ni mò ń san rẹ́ǹtì Ìjú lé lórí.

Ó láléébù o, ó sì wúwo. Ọkọ̀ ò tó. Kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ kàn máa rìn lọ bá ní stéṣọ̀n nígbà tó bá wù yín, ó ní àkókò tirẹ̀, tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn, inú dánfó lẹ padà sí. Ẹni tí ọ̀gá ẹ̀ máa ń dá dúró ní ọ́fíìsì dalẹ́ ò lè gbọ́kàn lé e. Ẹ lọ wo àkókò tí wọ́n ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́ ní stéṣọ̀n fúnra yín kẹ́ ẹ tó sanwó ilé kankan, ẹ má gba ti éjẹ́ǹtì gbọ́, ìyẹn máa ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń kọjá. Kò sì dé Island, Oyíngbò ló pin sí, ẹ tún máa wá bọ́ọ̀sì tó máa gba orí afárá gbé yín kọjá. Blue Line, ọkọ̀ ojú irin Èkó kejì, ló dé Marina lórí Island, Mile 2 ló sì ti ń bọ̀, òun àti Red Line ò tíì pàdé. Ìdí tí mo fi ní kí ará Lekki má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu nìyẹn.

Láàárín Ìjú àti Agbado, Ìjú ni màá mú. Ọjà ò jìnnà, kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà wà tó máa gbé yín láti inú àdúgbò jáde sí stéṣọ̀n, torí òfin tó lé ọ̀kadà n'Íkẹjà àti Yábà ní 2022 ò kan Ìfàkọ̀-Ìjàyè, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìjú wà. Ìjú yìí náà ni ilé iṣẹ́ omi tó ń fún Èkó lómi látayé òyìnbó wà, ẹ má wá rò pé omi ẹ̀rọ á máa yọ nílé yín o, bọ́họ́ọ̀lù ni gbogbo wa ń mu. Ariwo ló máa kọ́kọ́ yọ yín lẹ́nu. Ẹ má gba ilé tó kọjú sójú irin gan-an, fèrè rélùwéè ò mọ ẹni tó ń sùn, ẹ wá èyí tẹ́ ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ ṣùgbọ́n tílé míì ti bò. Kẹ́ ẹ sì lọ wò ó lọ́jọ́ òjò. Títì tó dáa lójú ẹ̀ẹ̀rùn lè di odò.

Agbado fúyẹ́ lówó díẹ̀, ibẹ̀ sì lọkọ̀ ti ń gbéra láàárọ̀, ẹ máa ríjókòó kí ará Agége tó wọlé wá dúró lé yín lórí. Àmọ́ ẹ bi wọ́n dáadáa bóyá Èkó nilé náà wà àbí Ògùn, torí ẹ̀ẹ̀kan náà lèèyàn ń bọ́ sódì kejì níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ téèyàn bá ń gbé ló ni owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù ẹ̀, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí ọ́fíìsì wà. Ẹ fún HR ní àdírẹ́sì tòótọ́, kó má lọ di pé ẹ nílò ìwé owó orí lọ́jọ́ kan kí wọ́n ní àwọn ò mọ̀ yín rí.

Iná NEPA, ẹ bèèrè band, ìyẹn ìpele tí wọ́n pín àdúgbò sí nítorí wákàtí tí wọ́n ń ríná. Band A ni wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ ríná fún wákàtí 20 lóòjọ́, ẹ sì rántí pé ní oṣù kẹrin 2024 owó ẹ̀ fò láti ₦68 sí ₦225 fún yúnìtì kan, wọ́n wá dín in díẹ̀ lẹ́yìn náà. Títì kan lè pín Band A àti Band D níyà. Ẹni tó ń gbé ilé kejì ni kẹ́ ẹ bi, ẹ fi lánlọ́ọ̀dù sílẹ̀.

Ìkòròdú ńkọ́? BRT ti ń débẹ̀ láti 2015, ọkọ̀ ojú omi sì wà n'Ípakodò. Ẹni tíṣẹ́ ẹ̀ wà lápá Island, ní CMS tàbí Falomo, tí ò sì bẹ̀rù ọ̀sà, Ìkòròdú ni màá ní kó lọ. Abẹ́òkúta táwọn kan ń sọ, pé àwọn á máa wọ rélùwéè Ìbàdàn láti stéṣọ̀n Láderin bọ̀ níbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ tún un rò, ọkọ̀ arìnrìn-àjò nìyẹn.

Ti éjẹ́ǹtì ló kù. Òfin ilé gbígbé Èkó ti 2011 ní lánlọ́ọ̀dù ò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, Ìkòyí, VI, Apápá àti Ìkẹjà GRA làwọn àdúgbò tí òfin náà yọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Iye tí wọ́n bá pè fún yín, ẹ má dáhùn, ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, àgírímẹ́ǹtì, kọmíṣọ̀n, kọ́ṣọ̀n (owó ìdúró torí ohun tó bá bàjẹ́), owó sìkiọ́rítì, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Tẹ́ ẹ bá lẹ́gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ l'Ékòó, ẹ lọ bá wọn sùn fún oṣù àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ máa fi wọ ọkọ̀ yẹn wò láàárọ̀ Mọ́ńdè àti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Red Line, mo fún un ní 7 nínú 10. Tí wọ́n bá fi ọkọ̀ kún un, màá wá tún máàkì náà ṣe.